Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Èémí Ń Nira fún Ọmọ Tuntun, àti Ohun tó Yẹ Kí A Ṣe

Ọmọ tuntun kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé àyà ń há òun. Ikùn tó ń gbéra, ihò imú, ahọ́n àti ìró tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n á tètè rí i kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí, ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí wọ́n gbé ọmọ dé, kí ìyá rẹ̀ sì sọ pé láti àná lòun ti ń rí i pé èémí rẹ̀ ò rí bákan, àmọ́ gbogbo ilé ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá yẹn ti rí i. Ohun tí kò ní lọ́wọ́ ni iye kan tó lè sọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jiyàn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: a kì í fojú bu èémí ọmọ tuntun, kíkà là ń kà á.

Mo kọ ìwé yìí fún ìyá ìkókó, fún bàbá ọmọ, fún ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ, àti fún òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ibùdó kékeré tí dókítà ò sí nítòsí. Ọmọ tuntun tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n bí lónìí títí dé èyí tó pé ọjọ́ 28.

Ohun tí kò gba kíkà

Bí ọmọ ò bá mí, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ dúdú bí aró, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọlọ tí kò jí bí ẹ ti ń fọwọ́ kàn án, ẹ má ka nǹkan kan. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá tíì mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ibi tó le, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí orí rẹ̀ gún. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú, kò sì gbọdọ̀ ré sẹ́yìn jù. Ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i ní ìwọ̀n tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìkan, títí àyà rẹ̀ á fi gbéra díẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá sí ìyípadà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìhà rẹ̀ mú, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ agbedeméjì àyà rẹ̀ nígbà 30, kí ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lọ. Kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́: 112 ní Nàìjíríà (767 náà wà ní Èkó), 999 ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Bí ọkọ̀ àdúgbò bá máa yá ju áńbúláǹsì lọ, ẹ wọ ọkọ̀ àdúgbò.

Ọmọ tí gìrì ń mú tó sì ń mí, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má sì ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí kì í bá ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àyè wà láti wò ó dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún ibi tí ẹ ti máa wò ó ṣe

Ọmọ tó ń sunkún, tó ń mu ọmú, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ìwẹ̀ máa ń mí kánkán láìṣe pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Bó bá sùn, ó dára. Bí ojú rẹ̀ bá là tó sì dákẹ́, ìyẹn náà dára.

Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé tí òtútù ń gbà wọlé, kí ẹ wá ṣí aṣọ ọmọ láti ọrùn títí dé ìdodo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ti máa ń kọ̀ jálẹ̀, wọ́n á ní òtútù á wọ̀ ọ́ lára. Ìṣẹ́jú méjì nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Àyà tí ṣọ́ọ̀lù àti aṣọ òtútù bò mọ́lẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ wò.

Ojú fèrèsé lọ́sàn-án ló dára jù fún ìmọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má tàn án sí ọmọ lójú, ẹ má sì tàn án sí i láti òkè. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú àyà, kí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ lè hàn lábẹ́ ìhà. Òjìji yẹn máa wúlò láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka èémí fún odindi ìṣẹ́jú kan

Ikùn ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ikùn ọmọ tuntun ló máa ń gbéra jù bó bá ń mí. Bí ikùn bá lọ sókè tó sì bọ̀ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan di aago mú, kó sọ pé "ó yá" àti "ó tó", kí ẹnì kejì má wo ibòmíràn àfi ikùn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ ṣètò aago fóònù kó dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá bú sẹ́kún láàárín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan nígbà tó bá rọlẹ̀.

Àwọn kan máa ń ka ìdajì ìṣẹ́jú kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó lè dára fún àgbà, kò dára fún ọmọ tuntun, torí èémí rẹ̀ kì í lọ geere. Ó lè sáré mí fún ìgbà díẹ̀, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kó tún máa bá a lọ. Bí ẹ bá kà á níbi tó ti ń sáré, iye tí ẹ ó mú jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá kà á níbi tó ti dúró, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan kan. Odindi ìṣẹ́jú ló ń mú méjèèjì pọ̀.

Iye tí ẹ bá rí, bí ẹ ṣe máa túmọ̀ rẹ̀ nìyí. Bó bá wà láàárín 30 sí 59, ó wà níbi tó yẹ, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó yá jù lójú wa. Àgbà a máa mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí èémí ọmọ fi máa ń ba ẹni tí kò mọ̀ lẹ́rù. Bó bá jẹ́ 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó tún rọlẹ̀ sí i, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá tún jẹ́ 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà ń mí kánkán jù. 60 yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Bó bá sì jẹ́ pé kò tó 30, ẹ má ṣe rò pé ara ti tù ú, pàápàá bó bá ti ń sáré mí tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ewu rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nípa ìdúró tí mo mẹ́nu bà: bí ọmọ bá dúró láìmí fún ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà tàbí tí ara rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ kà á, kí ẹ sì kọ bóyá ó sùn tàbí kò sùn. Ẹ tún fi fóònù ya fídíò ikùn àti àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ọmọ lè máa ké tantan, kó má ṣeé kà. Fídíò yẹn á fi hàn dókítà bó ṣe ń mí nígbà tó dákẹ́ nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo àyà

Kíkà nìkan ò tó. Mo ti rí ọmọ tí èémí rẹ̀ ò tó 60 tó sì jẹ́ pé gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń fà á. Ibi mẹ́rin ni ẹ ó wò: abẹ́ ìhà níbi tí àyà ti pàdé ikùn, àárín egungun ìhà, ṣóńṣó egungun àyà nísàlẹ̀, àti kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun.

Bí èémí bá ń wọlé wẹ́rẹ́, àyà àti ikùn á jọ gbéra. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá le tí kò fẹ́ gba afẹ́fẹ́, iṣan ọmọ á máa fà á tagbáratagbára, egungun ìhà rẹ̀ tó ṣì rọ̀ á sì máa wọnú. Níbi yìí ni tọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti wúlò. Ẹ wo òjìji abẹ́ ìhà yẹn: bó bá ń jìn wọlé ní gbogbo ìgbà tí ọmọ fa èémí, tó sì ń pòórá nígbà tó bá mí síta, àyà rẹ̀ ń wọnú nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ óò rí i tí ikùn ń wú sókè tí àyà sì ń rì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀ ti ń jà gidigidi.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má pe ohun tí kì í ṣe àìsàn ní àìsàn. Ara ọmọ tuntun rọ̀, àyà rẹ̀ lè wọnú díẹ̀ bó bá ń ké tàbí tó ń fa ọmú. Èyí tí à ń bẹ̀rù ni èyí tó jìn, tó hàn ketekete, tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo èémí nígbà tí ọmọ wà ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá rí i kò ní kà á sí méjì mọ́: kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ pé 45 ni iye tó kà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: imú àti ìró

Bí ihò imú ọmọ bá ń fẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, ó ń wá afẹ́fẹ́ sí i ni. Bí orí rẹ̀ bá ń mì lọ mì bọ̀ pẹ̀lú èémí, iṣan ọrùn ló fi ń ran àyà lọ́wọ́.

Ìró tó ṣe pàtàkì jù ni ìkérora. Ó máa ń dún kúkúrú, "hùn", nígbà tí ọmọ bá ń mí síta. Ọmọ ló ń pa ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tán nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró má sì pa pọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ń na ara ni, tàbí pé ó ń lá àlá. Òótọ́ ni pé ọmọ tuntun a máa kùn bó bá ń na ara tàbí tó ń ya ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í pẹ́ tán. Ìkérora tó léwu kì í dáwọ́ dúró. Gbogbo èémí tó ń jáde ló ń bá a jáde, àní lójú oorun. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Imú dídí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọ tí imú rẹ̀ dí á máa hanrun, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á, iye rẹ̀ á dára, àyà ò ní wọnú, á sì mu ọmú bó tilẹ̀ ń dúró láàárín. Ẹ ra omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú ọmọdé ní ilé òògùn, kí ẹ kán ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan kó tó mu ọmú. Ẹ má fi ẹnu fa imú rẹ̀, nítorí kòkòrò àìsàn inú ẹnu àgbà á bá a lọ. Ẹ má fi róòbù tàbí àdí sí imú rẹ̀ rárá.

Àmọ́ bí ọmọ bá ń dúdú nígbà tó dákẹ́ tàbí tó ń mu ọmú, tí ara rẹ̀ sì ń padà sípò nígbà tó bá bú sẹ́kún, ẹ fura pé ọ̀nà imú rẹ̀ ò là. Imú ni ọmọ tuntun fi ń mí jù. Ìgbà tó bá ya ẹnu ké ló tó rí afẹ́fẹ́. Ẹ mú fọ́nrán òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sún mọ́ ihò imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá wà ní pípadé. Ihò tí òwú ò bá mì níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ èyí fún dókítà gan-an bí ẹ ṣe rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọ̀

Ẹ má fi ojú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ dúdú mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó o. Ahọ́n, erìgì àti inú ètè ni kí ẹ wò, lójú ọ̀sán tàbí lábẹ́ iná funfun. Bí wọ́n bá pọ́n, ó dára. Bí wọ́n bá ṣú bí aró tàbí tí wọ́n rí bí eérú, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ṣú díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì kì í ṣe àmì ewu bí ahọ́n bá pọ́n; ẹ̀jẹ̀ ò tíì máa dé ibẹ̀ dáadáa ni.

Mo fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi wọn ọ́síjìn lára awọ lè fi iye tó ga ju òtítọ́ lọ hàn lára aláwọ̀ dúdú. Bí ẹ̀rọ bá ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún tí àyà ọmọ sì ń wọnú, àyà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọmú, ara gbígbóná àti okun ara

Ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń fa ọmú, á gbé e mì, á sinmi, á sì tún fà á. Ọmọ tí èémí ń nira fún á fà á lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á tú u sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, iwájú orí rẹ̀ lè làágùn. Bó bá kọ ọmú pátápátá lẹ́yìn tó ti ń mu ún dáadáa tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ìgbóná ara lábẹ́ abíyá rẹ̀. 36.5 sí 37.5 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá dé 38, tàbí tó bọ́ sísàlẹ̀ 35.5, ilé ìwòsàn. Ara tútù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù kéré ju ibà lọ, ṣùgbọ́n lára ọmọ tuntun, ara tútù lè jẹ́ àmì àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè mú kí ọmọ máa mí kánkán.

Ẹ rántí ọjọ́ orí rẹ̀ náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 7, èémí kánkán nìkan tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá ti kọjá ọjọ́ 7 tí kò sì sí àmì mìíràn lára rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera lè fún un ní amoxicillin, òògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, kó sì máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera tó yẹ ọmọ wò ni mo wí, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n rán ẹ̀gbọ́n ọmọ sí.

Ìtàn ìbí ọmọ ló ń tọ́ka sí ohun tó fà á

Dókítà á bi yín ní ìbéèrè. Bí ẹ bá ti mọ ìdí tó fi ń béèrè, ẹ ò ní fi nǹkan pamọ́ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún náà? Bí kò bá tó 37, pàápàá bí kò bá tó 34, wọ́n á fura sí i pé ẹ̀dọ̀fóró ò tíì gbó. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ surfactant tó ń jẹ́ kí àwọn àpò tíntìntín inú ẹ̀dọ̀fóró ṣí sílẹ̀. Bí kò bá tó, àpò wọ̀nyẹn á máa pa pọ̀ bí ọ̀rá tí omi wọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Dókítà Mary Ellen Avery àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1959 pé àìsí èròjà yìí ló ń pa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní August 1963, àìsàn yìí pa Patrick, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà John Kennedy, tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ààbọ̀ ṣáájú àkókò. Kò lò ju wákàtí 39 lọ láyé. Nígbà yẹn, owó àti ipò ò lè ra ohun tí kò tíì sí. Ní 1980 ni dókítà Tetsuro Fujiwara ní Japan kọ̀wé pé òun ti fi surfactant sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ kan tí wọ́n sì gbádùn. Lónìí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aláboyún tí ó bá fẹ́ bí ṣáájú àkókò ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Nítorí náà, aláboyún tí ìrọbí bá mú ní oṣù keje, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá, kó má lọ jókòó sílé máa retí.

Ṣé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀? Omi máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ nínú oyún, ìrọbí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó gbẹ. Bí omi bá ṣẹ́ kù, ọmọ á máa mí kánkán láti wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tán láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sílé kó sọ pé irú èyí ni. Òòtútù àyà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé omi ìyá ti já ju wákàtí 18 lọ kó tó bí? Ṣé ibà wà lára rẹ̀? Wọ́n á ronú sí òòtútù àyà tàbí àrùn inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kí èsì àyẹ̀wò tó jáde. Ṣé omi náà ní àwọ̀ ewé, tó ki? Ọmọ ti ya ìgbẹ́ sínú ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó pẹ́ kọjá àkókò nínú oyún ló máa ń bá jù.

Bí ìfófòó bá ń yọ lẹ́nu ọmọ láìdáwọ́ dúró láti ìgbà tí wọ́n bí i, tó sì há a nígbà tó kọ́kọ́ mu ọmú, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́ lẹ́nu: ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má dé inú ikùn. Bí ikùn rẹ̀ bá wọnú pẹlẹbẹ tí àyà sì wú lápá kan, ìfun lè ti gòkè wọ àyà. Bí ahọ́n rẹ̀ bá ṣú ṣùgbọ́n tí kò tiraka púpọ̀ láti mí, tí ọ́síjìn ò sì yí i padà, ọkàn ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

Bí ẹ ṣe máa gbé e lọ

Ẹ má pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí èémí ń nira fún kò gbọdọ̀ wà níbi tí ẹ ò ti lè rí ojú rẹ̀. Kí ìyá tàbí bàbá tú bọ́tìnnì, kí ó gbé ọmọ sí àyà, awọ mọ́ awọ, kí ọmọ wọ fìlà àti ìlédìí nìkan, kí wọ́n fi ìró dì í mọ́ra, kí orí rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ má tẹ̀ mọ́ àyà. Ooru ara yín á mú un gbóná, ẹ ó sì mọ̀ lára bó bá dákẹ́ mímí.

Ẹ má rọ agbo fún un, ẹ má rọ omi, ẹ má rọ ohunkóhun. Ọmọ tó ń sáré mí kò ní àyè láti gbé nǹkan mì. Ohun tí ẹ bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lọ, ẹ má nà án, ẹ má jù ú sókè, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má da omi tútù sí i lára. Ẹ má dúró de bàbá rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ má sì dúró de ìsọmọlórúkọ ọ̀túnla. Ẹ mú káàdì ìbí rẹ̀ dání, ìwé tí ẹ kọ iye èémí sí, àti fóònù tí fídíò wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí ní ilé ìwòsàn

Wọ́n á so wáyà kékeré tó ní iná pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ láti wọn ọ́síjìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni torí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló sún mọ́ èyí tó ń lọ sí ọpọlọ jù. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, 95 lọ sókè ló dára, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Fún ẹ̀yin agbẹ̀bí tó ń wò ó ní yàrá ìbí, ẹ má bẹ̀rù bí kò bá tíì ga: 60 sí 65 ní ìṣẹ́jú kìíní, 80 sí 85 ní ìṣẹ́jú karùn-ún, 85 sí 95 ní ìkẹwàá.

Wọ́n á wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò àyà. Wọ́n tún lè fún un ní máàkì tí àwọn dókítà Silverman àti Andersen gbé kalẹ̀ ní 1956. Àwọn àmì tí ẹ ti wò nílé ni: òkè àyà, àárín ìhà, ṣóńṣó egungun àyà, ihò imú, ìkérora, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 2. Ó yàtọ̀ sí Apgar, máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i, tó wà nínú káàdì ìbí, nítorí níbí, 0 ló dára, 10 ló burú jù.

Wọ́n lè fi ọ̀pá kékeré méjì sí imú rẹ̀, kí ìparí rọ́bà tó so mọ́ ọn wà nínú ìgò omi tó ń hó kùtùkùtù. CPAP ni wọ́n ń pè é. Omi náà ò wọ ara ọmọ rárá. Jíjìn tí rọ́bà rì sínú omi ló ń dá afẹ́fẹ́ díẹ̀ dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó má pa pọ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ń fi ìkérora ṣe nílé ni ẹ̀rọ yìí ń bá a ṣe, kó lè sinmi. Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́ torí ó dà bíi pé ó ń ni ọmọ lára. Ẹ má sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ọ́síjìn sí i fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì í mú láàárín 90 sí 95.

Bí wọn ò bá jẹ́ kó mu ọmú fún ìgbà díẹ̀, kí ìyá máa fún wàrà rẹ̀ sínú ife mímọ́ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra wọn, lóru náà pẹ̀lú. Wọ́n á fi rọ́bà tó gba imú tàbí ẹnu dé inú ikùn fún un ní wàrà náà, ọmú ò sì ní gbẹ kó tó padà sí i.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè iye èémí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa kà á láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà tó bá sùn, fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá tún dé 60 lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tàbí tí ẹ tún rí òjìji abẹ́ ìhà yẹn, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.